Bí a ṣe ń bá ọmọ aláìgbọràn àti òbí rẹ̀ lò ní pápá ìdánrawò gọ́ọ̀fù

Ọmọdé tó bá kọ́kọ́ rí ọ̀pá gọ́ọ̀fù, igi lásán ló rí. Á fi na ilẹ̀, á fi na àbúrò rẹ̀, bí kò bá sì sẹ́ni tó dá a dúró, á fi na ọkọ̀ tí wọ́n gbé sí ìtòsí. Kì í ṣe pé ọmọ náà burú. Ọ̀dọ̀ òbí tó mú un wá ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà ló sì ti máa ń le fún wa ní ilẹ̀ Òkun, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, torí òbí yẹn kì í ṣe oníbàárà tó máa lọ tí a ò ní rí i mọ́. Tí ẹ bá ní pápá ìdánrawò ní Kàbà, ní Ìsánlú tàbí ní Mopà, màmá tí ẹ jágbe mọ́ lọ́jọ́ Sátidé lè jẹ́ ẹni tí ẹ jọ máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Ó tún lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yá yín ní ilẹ̀ tí pápá wà. Ẹni tó fẹ́ kí bọ́ọ̀lù má ba ọmọ kankan, tó sì tún fẹ́ kí òun àti aráàlú ṣì máa kí ara wọn ní "Òkun o" láìfapá jánú, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún.

1. Ẹ tún ilẹ̀ ṣe kí ẹ tó tún ọmọ ṣe

Pápá tiwa kì í sábà ní odi. Oko ẹ̀gẹ́ wà lápá kan, igi kájú wà lápá kejì, ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò ń gbà lọ sódò sì lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ má retí pé ọmọ ọdún méje yóò mọ ibi tí ewu ti bẹ̀rẹ̀ tí ẹ ò bá fi hàn án.

Ẹ wá táyà àlòkù lọ́wọ́ àwọn fọkanáísà. Ẹ kùn wọ́n ní funfun, kí ẹ ri ìdajì wọn mọ́lẹ̀ ní ìlà kan gbọọrọ síwájú ibi tí àwọn èèyàn ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kọjá ìlà yẹn nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ, ìbáà ṣe ọmọdé, ìbáà ṣe olówó. Lẹ́yìn àwọn tó ń gbá, ẹ ta okùn kan tó jìnnà sí wọn tó mítà mẹ́rin. Ibi tí ọ̀pá ń fì dé lẹ́yìn èèyàn gùn ju bí ojú ti ń wò ó lọ, ohun tó sì sábà máa ń fọ́ ọmọdé lórí nídìí gọ́ọ̀fù ni ọ̀pá tí ẹlòmíì, pàápàá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń fì nígbà tí òun dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bọ́ọ̀lù là ń bẹ̀rù, ọ̀pá ló sì ń ṣe é.

Ìpẹ̀kun apá òsì ni kí ẹ fi àwọn ọmọdé sí, bí ẹ bá kọjú sí pápá. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ń gbá pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, bọ́ọ̀lù tó bá sì yẹ̀ gbàgà lọ́rùn ọ̀pá wọn, apá ọ̀tún ló ń gbà lọ. Ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì gbá, kí ẹ fi sí ìpẹ̀kun kejì.

Ohun tó kàn ni bẹ́ǹṣì, ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ronú sí rárá. Tó bá jẹ́ abẹ́ igi máńgòrò tó wà lókèèrè nìkan ni ìbòòji wà, ibẹ̀ ni òbí máa lọ jókòó, ẹ ò sì lè fẹ̀sùn kàn wọ́n, torí oòrùn ilẹ̀ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé bẹ́ǹṣì sẹ́yìn àwọn ọmọdé gan-an, lẹ́yìn okùn, kí ẹ fi tapólì tàbí imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Òbí tó bá jókòó níbi tó ti lè tètè dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ yóò mú un. Ẹni tó jókòó sókèèrè yóò kàn pariwo ni, ariwo yẹn náà ló sì ń ba gbígbá àwọn tó kù jẹ́.

2. Ẹ jẹ́ kí òbí fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù náà

Ṣáájú òfin kankan, ẹ fi bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kan sí òbí lọ́wọ́, kí ẹ ní kó fún un mọ́ra. Kò ní tẹ̀. Òfin gọ́ọ̀fù kò jẹ́ kó wúwo ju gíráàmù 45.93 lọ, ìyẹn mú kó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n tí àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n gbá bá fi dráífà, ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà, lù ú, eré rẹ̀ lè ju 200 kìlómítà ní wákàtí kan lọ bó ṣe ń kúrò nílẹ̀. Àwọn òbí wa mọ ohun tí ọkọ̀ tó ń sá bẹ́ẹ̀ lójú títì Lọ́kọ́ja ń ṣe. Wọ́n máa ń rò pé bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kò yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù tẹníìsì. Tí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án, ẹ ò ní nílò ìwàásù.

3. Òfin mẹ́ta, kó má lé

Ìwé òfin tó kún pátákó, kò sẹ́ni tó ń kà á. Ẹ kọ mẹ́ta péré, gàdàgbà, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì:

Má kọjá táyà funfun.
Má fì ọ̀pá bí ẹnìkan bá wà nítòsí rẹ.
Tí fèrè bá dún, gbé ọ̀pá rẹ sílẹ̀.

Kí ọmọ sọ ọ́ padà fún yín lójú òbí rẹ̀ kí ó tó gba ọ̀pá. Ìdí tí mo fi ní lójú òbí ni pé tí ọmọ bá rú òfin náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ kàn máa bi í pé, "Kí lo sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan?" ni. Òbí á gbọ́, ojú á tì í díẹ̀, á sì bá yín dá sí i. Ẹ̀yin kọ́ lẹ bá ọmọ rẹ̀ wí mọ́ nìyẹn.

Àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù máa ń kígbe "Fóò!" tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ síbi tí èèyàn wà. Ọmọ tó dàgbà ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, yóò gbé ojú sókè láti wo ẹni tó ń pariwo, ohun tí kò yẹ kó ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ kọ́ wọn pé tí wọ́n bá ti gbọ́ "Fóò!" tàbí "Bọ́ọ̀lù o!", kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Ẹ sọ ọ́ di eré, kí wọ́n máa fi díje ẹni tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù gbígbá lọ.

4. Ohun tí ọwọ́ wọn máa máa ṣe

Ọmọ tí kò ní ohun tó ń ṣe ni ó ń da pápá rú. Bọ́ọ̀lù àádọ́ta pọ̀ jù fún ọmọ ọdún mẹ́jọ. Lẹ́yìn bíi ogún, ó ti sú u, á wá máa fi ọ̀pá wú koríko. Ẹ fún un ní ogún, kó sinmi, kó mu omi, kó tún gba ogún bó bá ṣì wù ú.

Ẹ gbé ohun tó ń dún síwájú wọn. Páànù àlòkù tí ẹ fi igi gbé nàró, tàbí dúrọ́ọ̀mù òfìfo, ní ogún mítà àti ní ogójì mítà. Ìró "gbàà!" tó ń jáde lára páànù yẹn ni gbogbo ọmọ ń lé. Mo ti rí àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò lè mú jókòó ní ilé ìwé, tí wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́ nítorí pé wọ́n fẹ́ kí páànù dún.

Òfin gọ́ọ̀fù gba ọ̀pá 14 láàyè fún ẹnìkan. Ọmọ kò nílò ju ẹyọ kan lọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Áyọ́ọ̀nù, ìyẹn ọ̀pá olórí irin, tí wọ́n gé kúrú, tí wọ́n tún fi rọ́bà wé ibi ìdìmú rẹ̀, ó tó. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, pọ́tà (ọ̀pá tí wọ́n fi ń rọra yí bọ́ọ̀lù nílẹ̀) àti bọ́ọ̀lù tẹníìsì ni kí ẹ fún un, níbi tó jìnnà sí ìlà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí dráífà dé ọwọ́ ọmọ kankan láìjẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín dúró tì í.

Ẹ ya àkókò sọ́tọ̀ fún wọn bó bá ṣeé ṣe. Àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, dára. Àgbà tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ yóò mọ̀ pé kí òun wá ní ìrọ̀lẹ́.

5. Bọ́ọ̀lù híhe àti kájú

Èyí ni wàhálà tó jẹ́ tiwa gan-an. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń wọnú oko ẹ̀gẹ́ lọ he bọ́ọ̀lù tó sọnù, wọ́n á wá tà á padà fún àwọn tó ń gbá. Lójú àwọn kan, ọmọ ń wá owó ilé ìwé ni. Lójú tèmi, ẹni tó bá ra bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọ lásìkò tí wọ́n ń gbá ló ń sanwó fún un láti dúró síbi tí bọ́ọ̀lù ń bọ́ sí. Ẹ fòpin sí i. Kí fèrè dún ní àkókò tí gbogbo ayé mọ̀, kí gbogbo ọ̀pá wà nílẹ̀, kí àsíá pupa gòkè, kí àwọn ọmọ wá wọlé lọ he bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àgbà kan níwájú wọn. Ẹni tó bá kó apẹ̀rẹ̀ kan wá, ẹ jẹ́ kó gbá ogún bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́. Kíákíá ni wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù títà sílẹ̀. Oko ẹlòmíì ńkọ́? Ẹ lọ bá olóko sọ̀rọ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kí àgbà nìkan máa wọ ibẹ̀.

Láti oṣù kejì títí dé oṣù kẹrin, kájú ń já bọ́. Ìpínlẹ̀ Kogí wà lára àwọn tí kájú pọ̀ sí jù ní Nàìjíríà, kóró rẹ̀ sì ń pa owó, kò sí bí ẹ ṣe máa sọ fún ọmọ pé kó má ṣa kóró kájú tó wà nílẹ̀. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ṣa á ní ìdájí, kí ẹ tó ṣí pápá, kí ẹ sì bá àwọn òbí wọn fohùn ṣọ̀kan lórí aago tí wọ́n gbọdọ̀ jáde. Nígbà ọyẹ́, tí koríko bá ti jó, bọ́ọ̀lù máa ń yí lọ jìnnà, ẹ sún páànù àti okùn yín bó ṣe yẹ.

6. Àwọn òbí

Ẹni tó já ọmọ sílẹ̀ tó lọ sọ́jà. Òun ló rọrùn jù, tí ẹ bá sọ ọ́ kí ẹ tó gba owó: "Ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹni tó mú ọmọ wá ló máa dúró tì í o. Bí ẹ bá ní ibi tí ẹ ń yára lọ, kò burú, ẹ jẹ́ ká rí yín ní Sátidé tó ń bọ̀." Lẹ́yìn tí ẹ bá gba owó tán, ọ̀rọ̀ náà á di ìjà. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ orúkọ òbí àti nọ́ńbà fóònù sí.

Ẹni tó wà níbẹ̀ tí kò sí níbẹ̀. Ojú rẹ̀ wà nínú fóònù. Ẹ fún un ní iṣẹ́: òun ni kó máa gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ má gbá òmíràn àfi tó bá gbé e. Kò sí ohun tó tún ń mú ọmọ àti òbí jókòó sójú kan tó èyí. Tó bá ní ẹ̀yìn ń dun òun, ọmọ yòókù tó dàgbà jù nínú ilé lè gbé e.

Ẹni tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ di Tiger Woods, gbajúmọ̀ agbágọ́ọ̀fù Amẹ́ríkà, kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ ọdún méjì ni Tiger nígbà tó gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní 1978, òótọ́ sì ni. Ni wọ́n bá dúró ti ọmọ: "Gbé orí sílẹ̀! Tẹ orúnkún! Ṣé o ò gbọ́ ni?" Ọmọ á ju ọ̀pá sílẹ̀, á bú sẹ́kún, gbogbo èèyàn á ní ọmọ yìí ya pòkíì. Ìtìjú ló ń ṣe é. Ẹ má bá ọmọ wí níbẹ̀. Ẹ fẹ̀rín pe bàbá náà: "Dádì, ẹ wá gbá méjì kí ó rí i lọ́wọ́ yín." Bí wọ́n bá fi ọ̀pá na afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn wọn á rọ̀ fúnra rẹ̀. (Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n gbá ní tòótọ́, ẹ gbà fún wọn, kí ẹ ní kí wọ́n gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ láìsọ̀rọ̀.)

Màmá àgbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní ilẹ̀ wa ni òbí wọn wà ní Àbújá tàbí Èkó, tí ìyá àgbà ń tọ́ wọn. Màmá ò lè sáré tẹ̀lé ọmọ ọdún mẹ́fà káàkiri pápá. Ẹ má ka òfin sí wọn lórí. Ẹ wá àga tó ní ẹ̀yìn fún wọn, ẹ bù omi fún wọn, kí ẹ yan ọ̀kan nínú àwọn kádì (àwọn tó ń bá èèyàn gbé ọ̀pá gọ́ọ̀fù) tó ti gbọ́njú kó dúró ti ọmọ náà. Ó ń náni díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dára ju kí ẹ máa wo ojú màmá lọ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ẹni ńlá, tàbí olóyè, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé bàbá wọn ló ni pápá. Ẹ kí wọn bó ṣe yẹ kí ẹ kí wọn, kí ẹ dọ̀bálẹ̀ níbi tí ẹ máa ń dọ̀bálẹ̀. Ẹ má fi òfin pápá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ fi ọmọ bẹ̀rẹ̀: "Bàbá, ọkàn mi ò balẹ̀ nítorí àbúrò wa kékeré yìí. Ọ̀pá ẹni tó wà níwájú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè é sẹ́yìn." Tí ọ̀rọ̀ bá lọ́ nínú, ẹ jẹ́ kí ẹni tó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn sọ ọ́. Ẹnu yín lè má gbé e.

Ẹni tó ń na ọmọ lójú gbogbo èèyàn. Nígbà míì, bí ẹ ṣe sọ ọ̀rọ̀ náà ló ń fà á. Ẹ sọ fún òbí pé ọmọ wọn ti ń da pápá rú, ojú tì wọ́n, wọ́n yọ bàtà. Nítorí náà, apá kan ni kí ẹ ti bá wọn sọ̀rọ̀, ohùn wẹ́lẹ́. Bí bàtà bá ti gòkè, ẹ ṣe bí a ti ń ṣe: ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi jì í nítorí tèmi." Kò sí òbí Òkun tí kò mọ ìtumọ̀ ẹ̀bẹ̀ yẹn, ó sì fún wọn ní ọ̀nà láti dáwọ́ dúró láìtẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fà á mọ́ra. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a fi òsì fà á mọ́ra.

Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ lè na ọmọ ọlọ́mọ? Rárá. Mo mọ̀ pé láyé àtijọ́, àgbà èyíkéyìí ládùúgbò lè fà wá létí. Ayé ti yí, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti 2003, ìgbájú kan péré sì lè gba pápá lọ́wọ́ yín.

7. Bó bá jẹ́ pé ẹ wá gbá bọ́ọ̀lù tiyín ni

Ẹ ò ni pápá, ọmọ kan sì ń sáré lẹ́yìn yín. Ẹ gbé ọ̀pá sílẹ̀. Kí ẹ dúró. Ẹ má fì í rárá, kódà bí ẹ bá rò pé ó jìnnà tó. Àgbà tó dúró lójú pápá láìṣe nǹkan kan ń pe àfiyèsí ju ẹni tó ń jágbe lọ, láìpẹ́ ẹnìkan á pe ọmọ náà. Bí kò bá sẹ́ni tó pè é, ẹ lọ bá ẹni tó ń bójú tó pápá. Ọ̀rọ̀ bíi "Ta ló ni ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ yìí?" ẹ má sọ ọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn yín.

8. Kérésìmesì

Gbogbo ohun tí mo ti sọ máa ń di ìlọ́po nínú oṣù kejìlá. Ilé kún, àwọn ọmọ Àbújá dé, wọn ò gbọ́ Yorùbá dáadáa, àwọn ọmọ ilé sì fẹ́ fi hàn wọ́n pé àwọn náà mọ nǹkan. Ẹ lo fèrè, kò nílò ògbufọ̀. Ẹ dín iye ẹni tó ń gbá lẹ́ẹ̀kan kù, kí ẹ máa pe nọ́ńbà. Àwọn tó fẹ́ ya fídíò ni kí ẹ ṣọ́ jù. Wọ́n á dúró síwájú ẹni tó ń gbá kí àwòrán lè dára! Ẹ fi ẹfun sàmì sí ibi tí olùyàwòrán lè dúró, lẹ́yìn okùn, ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sọ pé ibẹ̀ ni àwòrán ti ń jáde jù. Irọ́ kọ́ ni pátápátá.

9. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́

Ìkìlọ̀ kan fún ọmọ, èkejì fún òbí, ẹ̀kẹta, ẹ dá owó bọ́ọ̀lù tó kù padà kí ẹ sì ní kí wọ́n máa lọ. Ẹ dá owó padà o. Ẹni tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín ní ẹjọ́ tó máa rò káàkiri ìlú, ẹni tí ẹ dá tirẹ̀ padà fún kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá ń bú yín, ẹ má dáhùn lójú àwọn òbí tó kù. Lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ẹ rán ẹni tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún sí wọn, bóyá alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wọn tàbí ìmáàmù wọn, tàbí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wọn.

Ọmọ tí ẹ bá dá dúró, ẹ fún ìdádúró náà ní òpin, bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó bá padà, ẹ fi fèrè lé e lọ́wọ́: òun ni yóò máa fọn ún ní àkókò bọ́ọ̀lù híhe. Àwọn kan máa ní ẹ̀ ń san èrè fún ìwàkiwà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ìlà bí ọmọ tó ti fìgbà kan kọjá rẹ̀.

Gíláàsì ọkọ̀ tó fọ́: ẹ yan ibi ìgbọ́kọ̀sí sẹ́yìn pátápátá, kí ẹ sì kọ ẹni tó máa sanwó sára pátákó kí ó tó ṣẹlẹ̀.

10. Bí nǹkan bá ba ọmọ lórí

Kí fèrè dún, kí gbogbo ọ̀pá wà nílẹ̀. Ẹ má gbé ọmọ jìgìjìgì, ẹ má da omi lé e lórí, ẹ má sì fún un ní ohun jíjẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹ́lẹ́. Bí orí bá wú lásán, ẹ fi omi dídì tí ẹ wé sínú aṣọ lé e. Bí ó bá dákú, kódà fún ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ó bá bì, bí oorun bá ń gbé e lọ́nà tí kò yé yín, bí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń ti etí tàbí imú rẹ̀ jáde, tàbí bí ọmọlójú rẹ̀ kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn ló kàn. Kí ẹnìkan pe òbí láti inú ìwé nọ́ńbà bí ọkọ̀ ṣe ń gbéra. Kódà bí ara ọmọ bá yá lójú ẹsẹ̀, ẹ sọ fún òbí rẹ̀ pé kí wọ́n máa wò ó títí di ọjọ́ kejì, kí wọ́n sì jí i lóru lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì wò bó bá mọ orúkọ ara rẹ̀. Nọ́ńbà ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù àti ti awakọ̀ kan tó máa ń wà nítòsí, ẹ kọ wọ́n sára pátákó lábẹ́ òfin mẹ́ta yẹn.